Ó Ti Tán: Bọ́tìnì Tó Fẹ́ Sọ Awakọ̀ Wa Di Olè

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá wa gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ Bàbá Ràfíù, èmi ń mu tíì níwájú kọ̀ǹpútà mi ni, inú mi sì ń dùn. Ẹ má bá mi jà. Mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá kàn ṣílẹ̀kùn wọlé ni, ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi kí n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì òun, pé àkọsílẹ̀ mi ti bá òun mú olè. Mo fò dìde. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ tèmi rí, tí gbogbo èèyàn máa ń bi í pé kí gan-an ni wọ́n gbà á sí ibi iṣẹ́ fún, á mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn létí. Ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì tí mo rí ẹni tí wọ́n ń pè ní olè ni tíì náà korò lẹ́nu mi.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín oògùn ni mo wà, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí, a ò jìnnà sí Lágere. A kì í ta oògùn fún ẹni tí orí ń fọ́ o. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ni oníbàárà wa: ti ìgboro, ti Modákẹ́kẹ́, àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn títí dé Ẹdúnàbọ̀n. Wọ́n á fi fóònù béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, àwọn ará yàrá ìdìpọ̀ á kó o sínú páálí, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, awakọ̀ á sì gbé e lọ. Ibi yòówù tí iṣẹ́ bá dé, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì lórí fóònù. Bọ́tìnì yẹn á kọ ìlà kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀: nọ́ńbà ìbéèrè, orúkọ oògùn, ohun tí wọ́n ṣe, àkókò tí wọ́n ṣe é, orúkọ ẹni tó ṣe é. Àkójọ àwọn ìlà yẹn là ń pè ní àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn wa ò gba gígùn yẹn, lọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é, báyìí lèmi náà ṣe di Àǹtí Lọ́ọ̀gì.

Iṣẹ́ mi ni pé kí ìlà kankan má sọnù, kí n sì kó gbogbo wọn jọ, kí n fi wọ́n ya àwòrán ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà. Kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀gá rò pé ó ń gbà o. Ẹ wo pápá ilé ẹ̀kọ́. Bíríkìlà á ṣe ojú ọ̀nà oníkọnkéré tó rẹwà síbẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa gba àárín koríko kọjá títí ibẹ̀ á fi pá. Ibi tó pá yẹn ni mò ń wá kiri.

Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń sin ẹja. Bí àwọn baba rẹ̀ ṣe ń lóṣòó ti oníbàárà tó ra aṣọ àwìn, bẹ́ẹ̀ lòun náà máa ń lóṣòó ti ìlà kan ṣoṣo tí kò bá yé e. Òṣómàáló ni mo sọ ọ́, ó mọ̀, kò bínú. Òun ló kọ́ mi pé lọ́ọ̀gì kì í parọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣàlàyé. Ó ní awakọ̀ kan wà rí níbi tóun ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá ti jí láàárọ̀ ni yóò tẹ bọ́tìnì gbogbo ibi tó ń lọ lọ́jọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè ráyè wakọ̀. Lójú lọ́ọ̀gì, ọkùnrin náà ti dé gbogbo ìlú kó tó wẹ̀. Òṣómàáló ní, "Kí o tó gba ohun tí ìlà kan sọ gbọ́, lọ dúró ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́." Mo gbọ́, mo sì mi orí, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń mi orí.

Ẹ̀rọ tiwa yìí, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Àwọn obìnrin yàrá ìdìpọ̀ ní àwọn ò fẹ́, pé kí làwọn ń bá òyìnbó fà nídìí páálí. Ọ̀gá gbà fún wọn. Ó ra mínírà àti búrẹ́dì, gbogbo wa jókòó yí ká, a wá ń sọ bọ́tìnì lórúkọ bí ẹni ń sọmọ lórúkọ. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í di oògùn kan, yóò tẹ "Mo ń dì í." Tí mọ́tò bá jáde ní géètì, awakọ̀ á tẹ "Ó ti gbéra." Tó bá gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ oníbàárà, "Ó ti dé." Èyí tó fún wa ní wàhálà ni èyí tí wọ́n máa tẹ̀ tí oògùn kan bá ti wọ páálí. Ọ̀gá ní kí a kọ ọ́ pé "Mo ti dì í tán." Ọmọkùnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà fún wa wà lórí fóònù láti Ìbàdàn, ó ní bọ́tìnì náà kéré, kò lè gba gbogbo ìyẹn. A gé e síhìn-ín, a gé e sọ́hùn-ún, ó ku "Ó ti tán." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ta ni Yorùbá tí kò mọ ìtumọ̀ "Ó ti tán"?

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Bàbá Ràfíù ló wà lórí ìdúró níbẹ̀, tí wọ́n ká fìlà lọ́wọ́. Ará Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n, àgbàlagbà, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ràtìbì àdúgbò wọn. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ yìí ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wa mọ́tò fún ọ̀gá. Àwọn ló ń lọ gbogbo ojú ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n sì máa ń wakọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí ìgò tó wà lẹ́yìn, débi pé kẹ̀kẹ́ alùpùpù ń ya wọ́n sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ràn iṣẹ́ mi rárá. Amí ni wọ́n ń pe lọ́ọ̀gì. Tí a bá pàdé, wọ́n á ní, "Ìyá Tómi, ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sín láàárọ̀ yìí?" Tómi ni ọmọ mi àkọ́kọ́. Èmi náà á ní mo ti kọ ọ́, kí wọ́n rọra sín ìkejì.

Ọ̀gá wa ńkọ́, ọmọ ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, nítorí náà "ó" ni n ó máa pè é nínú ìtàn yìí. Tí ẹ bá lọ sọ fún un, màá ní kì í ṣe èmi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ tí inú bá bí i, etí rẹ̀ máa ń di. Inú ti bí i lọ́jọ́ náà. Àwọn ilé ìwòsàn ojú ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n ti ń fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ pé àwọn ò rí oògùn ibà àwọn ọmọdé nínú páálí, bẹ́ẹ̀ ìwé tó bá páálí wá ní "Ó ti tán" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oògùn náà. Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé pé òun ń dá àwọn ìyá ọlọ́mọ padà, ara òun ò gbà á mọ́. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá láti ìgboro. Tí nǹkan bá dín fún àwọn tó wà nítòsí, wọ́n á gun ọ̀kadà wá, wọ́n á pariwo lé wa lórí ní káńtà, a ó fi ẹnu parí rẹ̀, yóò tán síbẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá kó ẹ̀sùn jọ, ọ̀nà Bàbá Ràfíù nìkan ni nǹkan ti ń sọnù.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Ìyá Bísí, olórí yàrá ìdìpọ̀. Ọmọ Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n, láti àdúgbò tó kángun sí Ẹnuwá, obìnrin tó jẹ́ pé tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ní kí n ṣí lọ́ọ̀gì. Mo ṣí i. Ìlà náà wà níbẹ̀ gbọnrangandan: oògùn ibà àwọn ọmọdé, "Ó ti tán", orúkọ Ìyá Bísí.

Ọ̀gá ní, "Ìyá Bísí, oògùn ibà ọmọdé tí Ẹdúnàbọ̀n béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ṣé lóòótọ́ ló ti tán?"

"Ó ti tán, sà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó ti tán pátápátá. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n máa padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n jáde láìmọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pe àwọn. Ọ̀gá wá yíjú sí Bàbá Ràfíù, ó ní ó ti tán ní yàrá ìdìpọ̀, kò sì dé Ẹdúnàbọ̀n, ta wá ló wà láàárín? Bàbá Ràfíù ní páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa làwọn máa ń gbé, àwọn ò ṣí i wò rí láyé àwọn. Ọ̀gá ò gbọ́. Ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n lọ ronú, tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè tí wọn ò bá sọ ẹni tí wọ́n ń ta oògùn náà fún, ọlọ́pàá lòun máa fà wọ́n lé lọ́wọ́.

Mo tẹ̀lé wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Tómi, ẹ̀rọ rẹ ní olè ni mí. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ mi obìnrin lóṣù tó ń bọ̀. Ta ló ń fẹ́ ọmọ olè?"

Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo sì bínú. Mo bínú sí ọ̀gá, mo bínú sí ẹni tó jí oògùn, èyí tó wá dùn mí jù ni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń dá bàbá olóòótọ́ lẹ́jọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé Modákẹ́kẹ́. Ẹnìkan ní yàrá ìdìpọ̀ sọ fún mi pé àwọn àna ti ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Bàbá Ràfíù fúnra wọn kò pe ìrun lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ló pè é.

Ọjọ́ Sátidé, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì lẹ́yìnkùlé, mo ní kí Tómi àti àbúrò rẹ̀ má pè mí tí kì í bá ṣe pé ilé ń jó. Ọ̀gá, ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ló máa ń wò: ó ti tán àbí kò tíì tán? Èmi kó gbogbo ìlà ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tò wọ́n tẹ̀léra wọn, mo sì ní kí ẹ̀rọ ya ọ̀nà wọn fún mi. Ọ̀nà kan fẹ̀ bí títì: "Mo ń dì í", lẹ́yìn náà "Ó ti tán", lẹ́yìn náà "Ó ti gbéra", lẹ́yìn náà "Ó ti dé". Ìyẹn dára. Àmọ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójú ọ̀nà yẹn, "Ó ti tán" wà, "Mo ń dì í" ò sí níwájú rẹ̀ rárá.

Mo fọwọ́ lérán. Báwo lèèyàn ṣe ń parí iṣẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀? Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbàgbé ni, nítorí àwọn èèyàn wa máa ń fo bọ́tìnì bí ọmọdé ṣe ń fo gọ́tà. Mo wá ṣí orúkọ àwọn oògùn tó gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Oògùn ibà àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo mú àwọn ẹ̀sùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ẹdúnàbọ̀n, mo fi wọ́n wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn ò rí ló gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́.

Ibi tí mo ti fò dìde ni ìgbà tí mo wo ti ìgboro. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà níbẹ̀ náà! Oògùn kan náà, àlàfo kan náà, lórí ìbéèrè àwọn ilé ìwòsàn tí awakọ̀ mìíràn ń lọ, tí Bàbá Ràfíù ò gbé páálí wọn rí. Àwọn tó ń wá pariwo lé wa lórí ní káńtà nìyẹn, tí a fi ẹnu parí tiwọn. Ohun yòówù kó máa ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ kí páálí tó kan mọ́tò. Mo pariwo débi pé Tómi sáré jáde, ó ní ṣé ilé ń jó ni.

Mo pe Òṣómàáló. Mo rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé e lórí, mo ní mo ti mọ̀ pé kì í ṣe awakọ̀, kò ku nǹkan mìíràn ju kí n mọ ẹni tó jẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá bi mí bóyá mo ti lọ dúró ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò tíì lọ. Ó ní kí n kí àwọn ọmọ, ó lọ fún ẹja rẹ̀ lóúnjẹ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, èmi ni mo kọ́kọ́ dé yàrá ìdìpọ̀. Ìyá Bísí ní kí ni mo wá ṣe, ṣé mo wá kọ́ṣẹ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má fi ọwọ́ tíì kan páálí àwọn. Ìbéèrè kan wọlé láti Modákẹ́kẹ́. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n ka oògùn àkọ́kọ́, wọ́n tẹ "Mo ń dì í", wọ́n lọ síbi pẹpẹ, wọ́n kó o, wọ́n kà á, wọ́n tò ó sínú páálí, wọ́n tẹ "Ó ti tán". Mo ní ó dáa. Wọ́n ka èkejì: oògùn ibà àwọn ọmọdé. Wọn ò tẹ nǹkan kan. Wọ́n bojú wo pẹpẹ láti ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Ìyẹn ti tán." Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ti tán?"

"Oògùn ni. Àbí o ò rí pẹpẹ ni? Ọjọ́ wo ló ti tán."

"Ẹ wá tẹ 'Ó ti tán'?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. "Èyí tí mo bá dì, dídì rẹ̀ ti tán. Èyí tí kò sí nílẹ̀, òun náà ti tán. Kí ni ò bá ní kí n tẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó sórí páálí oògùn, mo sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wo gbogbo àwọn bọ́tìnì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó ń sọ pé ọjà ò sí. Láìtẹ nǹkan kan, ìlà náà ò ní kúrò lójú fóònù, wọn ò sì ní lè di ìyókù. Bọ́tìnì kan ṣoṣo tó sọ òótọ́ nípa pẹpẹ tó ṣófo ni "Ó ti tán", gbogbo ará yàrá náà ló sì ń tẹ̀ ẹ́, láìfi ẹ̀tàn ṣe. Èdè wa ló gbé ìtumọ̀ méjì sínú ẹnu kan. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń sọ kò ní irú àṣìṣe yẹn nínú, ó máa ń dùn mọ́ mi nígbà mìíràn tí mo bá rántí.

Mo fa Ìyá Bísí lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọlọ́pàá kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de iṣẹ́. Ọ̀gá ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ó rò pé mò ń wá ọ̀nà láti bo Bàbá Ràfíù. Mo ṣí àwòrán ọ̀nà náà fún un, mo fi ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ hàn án, mo tẹ́ àwọn ẹ̀sùn Ẹdúnàbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fi ti ìgboro lé e lórí. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó wá yíjú sí Ìyá Bísí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun pé oògùn náà ò sí nílẹ̀?

Ìyá Bísí na ara wọn tán. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín, sà. Nínú ọ́fíìsì yìí. Ẹ bi mí, mo ní ó ti tán. Ẹ tún bi mí, mo ní ó ti tán pátápátá."

Mi ò rí i kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ọ̀gá wa bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé orí lé ọwọ́. Nígbà tó gbé e sókè, ó jáde lọ bá ọlọ́pàá, ó ní kó máa bínú, ọ̀rọ̀ ti yanjú, kò sí olè kankan. Ọlọ́pàá náà wo gbogbo páálí tó yí i ká, ó ní ṣé kò wá ní sí oògùn ẹ̀yìn dídùn díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Bísí ní ó ti tán.

Kò pẹ́ tí Bàbá Ràfíù fi wọ géètì. Wọ́n wọ jálàbíà funfun, àgbà méjì láti mọ́ṣáláṣí wọn tẹ̀lé wọn, kí wọ́n lè rí ẹni jẹ́rìí sí ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ ṣe fún wọn. Ojú wọn ti wọnú. Gbogbo wa ti jáde sí ọgbà: àwọn ará yàrá ìdìpọ̀, awakọ̀ ìgboro, ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọ̀gá rìn lọ bá wọn lójú gbogbo èèyàn. Mo rò pé yóò bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, sínú iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ ò jí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí mo bi èèyàn ni mi ò gbọ́ èsì rẹ̀. Ẹ forí jì mí."

Bàbá Ràfíù wo àwọn àgbà méjì yẹn. Ọ̀kan nínú wọn rọra mi orí.

Bàbá Ràfíù ní, "Ẹ dìde, ọ̀gá. Ó ti tán."

Ohùn Ìyá Bísí jáde láti ẹ̀yìn: "Bàbá, èwo nínú rẹ̀?"

Ẹ̀rín bú yàà. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí tí ọ̀rọ̀ ò yé rẹ́rìn-ín, awakọ̀ ìgboro di ikùn mú, ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún wólẹ̀. Bàbá Ràfíù tí kì í rẹ́rìn-ín náà rín in. Wọ́n ní, "Ìjà ni. Ìjà ló tán."

Ohun tó tẹ̀lé e ò kéré. Ọ̀gá kò fi mọ sí ọgbà. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Modákẹ́kẹ́, ó lọ sílé àwọn àna náà, ó jókòó sórí ẹní níwájú wọn, ó sì rojọ́ ara rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n so yìgì náà lóṣù tí wọ́n dá. Àwọn bọ́tìnì wa náà, a tún jókòó lé wọn lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò pàtẹ́wọ́ fún orúkọ kankan títí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ á fi dìde, tí yóò fi ọwọ́ ṣe ohun tó túmọ̀ sí lójú gbogbo wa. "Ó ti tán" kúrò níbẹ̀ pátá. "Mo ti dì í" gba ipò rẹ̀, "Kò sí nílẹ̀" sì wọlé ní tirẹ̀. Nísinsìnyí, bí pẹpẹ kan bá ṣófo, lọ́ọ̀gì ti mọ̀, ọ̀gá ti mọ̀, ẹni tó béèrè náà á gbọ́ kí páálí tó kúrò níbí. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn nínú ìlú gbọ́, wọ́n ń ránṣẹ́ pè mí láti wá wo tiwọn. Ilé búrẹ́dì kan ní "Ó ti jinná" lórí bọ́tìnì, mo sì ti rí i kí n tó jókòó pé ẹni méjì ń tẹ̀ ẹ́ fún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́ pé kí ni wọ́n gbà mí fún.

Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn ni mo máa ń rántí. Ọ̀gá pe àwọn tí a ti ń ra oògùn ibà àwọn ọmọdé, ó ní kí wọ́n gbé e wá kíákíá, kó má dọ̀la. Ó dé. Ìyá Bísí dì í fúnra wọn, wọ́n pe Bàbá Ràfíù wá kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó lẹ páálí pa. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Mọ́tò náà yọ jáde ní géètì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wà á, àwọn obìnrin yàrá ìdìpọ̀ sì ń juwọ́ bí ẹni pé Mẹ́kà ni wọ́n ń lọ.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo jókòó ti lọ́ọ̀gì. Mi ò mu tíì, mi ò ṣe nǹkan mìíràn. Mò ń lóṣòó tì í bí Ìjẹ̀ṣà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́, orúkọ kan ti kúrò nínú àwọn ìlà yẹn, mo sì ti ń wá a láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlà tuntun wá yọ nísàlẹ̀: Ẹdúnàbọ̀n, oògùn ibà àwọn ọmọdé, "Ó ti dé", Bàbá Ràfíù. Mo kà á sókè fún gbogbo ọ́fíìsì, mo sì jó dé ẹnu ọ̀nà.